Bí Wọ́n Bá Mú Aṣòfin Alátakò, Ta Ló Ń Gbèjà Rẹ̀? Ìbéèrè Àwọn Ará Ifẹ̀ Àti Ìdáhùn Mi

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi kan tó ń tẹ̀wé ní Lágéré, tí àwọn èèyàn sì ń wá bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ owó ilé. Ṣùgbọ́n ní Oṣù Kẹta ọdún 2025, Ilé Aṣòfin Àgbà ní Abuja ní kí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan lọ rọ́ọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, obìnrin náà sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin àgbáyé tó ń ṣèpàdé ní New York. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè yí padà. Àwọn kan ní ó tú àṣírí ilé síta. Àwọn kan ní ó káre. Ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ibì kan wà téèyàn lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn ní ṣọ́ọ̀bù.

Ṣé lóòótọ́ ni àjọ kan wà tó ń gbèjà aṣòfin káàkiri ayé?

Ó wà, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pẹ́. Àpapọ̀ Àwọn Ilé Aṣòfin Lágbàáyé ni. IPU ni ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń pè é nínú ìròyìn. Ọdún 1889 ni aṣòfin méjì, William Randal Cremer ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Frédéric Passy ọmọ Faransé, dá a sílẹ̀ ní Paris. Ohun tó jẹ wọ́n lógún nígbà náà ni pé kí orílẹ̀-èdè máa fi ẹnu yanjú aáwọ̀, kí wọ́n yé gbé ìbọn síra wọn. Geneva ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà báyìí. Ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè tó lé ní 180 ló wà nínú rẹ̀, ti Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ò sí níbẹ̀. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1976 ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àwọn aṣòfin. Èèyàn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, aṣòfin sì ni gbogbo wọn nílùú tiwọn. Ọdún márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò. Wọ́n máa ń tilẹ̀kùn ni kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́. Ohun tó wù mí jù nínú ètò náà ni pé ẹni tó mọ bó ṣe ń rí kéèyàn dìde sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì pa gbohùngbohùn mọ́ ọn lẹ́nu ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí wọ́n pa á mọ́ lẹ́nu.

Ṣé alátakò nìkan ni wọ́n ń gbèjà?

Rárá. Aṣòfin ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba náà lè ké gbàjarè, pàápàá èyí tó bá ta ko ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n alátakò ló pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ wọn, kò sì ṣòro láti mọ ìdí. Ẹni tí ọlọ́pàá ń gbọ́ tirẹ̀ kì í sábà nílò kó kọ̀wé sí Geneva.

Aṣòfin tó ń gbowó rẹpẹtẹ, kí ló kàn mí?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Sábó ló bi mí báyìí, tìbínú tìbínú ló sì fi bi í. Mi ò bá wọn jiyàn lórí owó. Owó àwọn aṣòfin pọ̀. Mo wá bi wọ́n pé, bí wọ́n bá ti alágbàtà tó ń bá wọn kó èlùbọ́ láti oko mọ́lé, ta ni ìyà máa jẹ, ṣé alágbàtà ni àbí àwọn? Wọ́n ní àwọn méjèèjì ni. Mo ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá ní kí sẹ́nétọ̀ kan lọ rọ́ọ́kún nílé, àga kan ló ṣófo lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹkùn tó dìbò yàn án ni wọ́n dì lẹ́nu. Fún oṣù mẹ́fà yẹn, kò sẹ́ni tó dìde nínú ilé náà lórúkọ ẹkùn Àárín Gbùngbùn Kogi. Òfin tí wọ́n ṣe lásìkò náà de àwọn ará ibẹ̀ bó ṣe de gbogbo wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ tẹnu wọn.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa ará Ifẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n sí olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá. Ipò yẹn kọ́ ló wà nígbà tí wọ́n mú un. Olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó ni. Ní ọjọ́ 25 Oṣù Karùn-ún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, àga ń fò lókè orí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sí ìhámọ́. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú ọgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lò ní Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún 25 ṣì wà níbi tí wọ́n há a mọ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù pé ó dìtẹ̀ mọ́ ìjọba. Lọ́yà tó yàn láti London, Gratiaen, gbéra wá láti gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Wọn ò jẹ́ kó wọ̀lú. Awólọ́wọ̀ pẹjọ́ lórí ìyẹn pé òfin ilẹ̀ wa fún òun láyè láti mú lọ́yà tó bá wu òun. Kóòtù dáhùn pé lọ́yà tó bá lè wọ̀lú ni òfin ń sọ. Mo ka ìdájọ́ yẹn nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, n kò sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án 1963, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kò jáde títí di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gbàjọba.

Anthony Enahoro, aṣòfin alátakò bíi tirẹ̀, sá dé London. Wọ́n mú un níbẹ̀. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ léraléra nínú ilé wọn, síbẹ̀ wọ́n dá a padà ní Oṣù Karùn-ún 1963, ó sì dèrò ẹ̀wọ̀n. Ní gbogbo àkókò yìí, IPU ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ kankan níbẹ̀ tí ìyàwó tàbí ọmọ lè kọ̀wé sí. Ọdún 14 gbáko ló tún kọjá lẹ́yìn 1962 kí èyí tó wáyé.

Ìwà wo gan-an ni ìgbìmọ̀ yìí ń dá sí?

Ìpànìyàn, ìjínigbé, ìdálóró, àtìmọ́lé láìnídìí, ẹjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbọ́, gbígba ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tí aráàlú yàn, dídí i lọ́nà kó má lè sọ̀rọ̀ tàbí rìnrìn àjò. Bí mo bá tò wọ́n báyìí, wọ́n máa ń dà bí àkọlé ìwé lásán, nítorí náà mo máa ń dárúkọ èèyàn.

Tundu Lissu, aṣòfin alátakò ní Tanzania. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹsàn-án 2017, ó ti ilé aṣòfin dé ilé rẹ̀ ní Dodoma, wọ́n sì yìnbọn lù ú nínú mọ́tò. Ọta mẹ́rìndínlógún ló bà á lára. Wọ́n gbé e lọ sí Nairobi lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn náà ó di Belgium. Ó ṣì ń gba ìtọ́jú lọ́hùn-ún ní 2019 nígbà tí wọ́n gba ìjókòó rẹ̀, ara ìdí tí wọ́n sì sọ ni pé kì í wá sípàdé. Ẹ fara balẹ̀ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Oṣù Kẹrin 2025 wọ́n tún mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba kàn án.

Ní Uganda, wọ́n mú aṣòfin alátakò méjì, Muhammad Ssegirinya àti Allan Ssewanyana, ní Oṣù Kẹsàn-án 2021 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn tí àwọn méjèèjì ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Oṣù Kejì 2023 ni wọ́n tó gba béèlì wọn. Ssegirinya kú ní Oṣù Kìíní 2025 láìjẹ́ pé ẹjọ́ náà parí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Eritrea. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹsàn-án 2001, wọ́n kó aṣòfin mọ́kànlá tó bèèrè pé kí ààrẹ lo òfin orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Banjul dá ẹjọ́ wọn ní 2003, ó ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Wọn ò tú wọn sílẹ̀, wọn ò sì gbé wọn dé kóòtù. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n mú wọn ti dàgbà tó ẹni tó lè dìbò, àwọn ẹbí sì ń bèèrè bóyá bàbá àwọn ṣì wà láyé.

Wọn ò ní ọlọ́pàá, wọn ò ní sójà. Kí wá ni agbára wọn?

Ìwé ni, ojú ni, ìtìjú sì ni.

Bí ẹ̀sùn bá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ náà tí wọ́n sì rí i pé ó ṣe é gbọ́, wọ́n á kọ̀wé sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè náà pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń gbọ́, bó sì ṣe yẹ nìyẹn: agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Wọ́n lè bèèrè pé àwọn fẹ́ wá sílùú náà, kí wọ́n rí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, kí wọ́n rí mínísítà, kí wọ́n rí olórí ilé aṣòfin. Wọ́n lè rán lọ́yà kan lọ jókòó sí kóòtù kó kàn máa wò. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kóòtù rí lè rò pé ìyẹn kò tó nǹkan. Mo ti fi ojú ara mi rí ẹjọ́ tí wọ́n ti sún síwájú fún ìgbà mẹ́jọ, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yára bí ẹni pé iná ń jó o, lọ́jọ́ tí àlejò kan tó ń kọ nǹkan sínú ìwé jókòó sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpàdé ńlá. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn ilé aṣòfin inú IPU ń péjọ. Wọ́n máa ń gbé ìpinnu lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan síwájú ìgbìmọ̀ alákòóso, níṣojú àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n á gbọ́ orúkọ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nílé, wọ́n á sì tún jókòó sídìí oúnjẹ pẹ̀lú àwọn tó gbọ́ ọ.

Ẹ wo Leila de Lima ti Philippines. Sẹ́nétọ̀ ni, ó sì ń ṣèwádìí bí wọ́n ṣe ń pa àwọn èèyàn nínú ogun tí Ààrẹ Rodrigo Duterte gbé ti oògùn olóró. Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kejì 2017, wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lórí ẹ̀sùn oògùn olóró. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àtìmọ́lé láìnídìí sọ ní 2018 pé kò sídìí kankan láti tì í mọ́lé. IPU náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù; wọ́n ránṣẹ́, wọ́n rán èèyàn. Nígbà tó yá, àwọn ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ làwọn pa mọ́ ọn. Oṣù Kọkànlá 2023 ló gba béèlì. Ní Oṣù Kẹfà 2024, wọ́n da ẹjọ́ tó kẹ́yìn nù. Ní 2025, aráàlú tún dìbò gbé e padà sílé aṣòfin. N kò ní sọ fún yín pé Geneva ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Kóòtù ilẹ̀ rẹ̀ ló ṣí i. Ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́fà, kò sí ọdún kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lẹ́wọ̀n rí mọ iye tí ìyẹn tó.

Ṣé aṣòfin ilẹ̀ mìíràn lè dá sí i fúnra rẹ̀?

Ó lè dá sí i. Ilé aṣòfin Jámánì ti ní ètò kan láti ọdún 2003 tí aṣòfin wọn kan fi lè mú aṣòfin tàbí ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè kan bí ẹni tirẹ̀: á máa kọ̀wé nítorí rẹ̀, á máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aṣojú ìjọba, á sì bẹ̀ ẹ́ wò bó bá ráyè.

Ṣé olè ò ní sá pamọ́ sábẹ́ èyí?

Ìbéèrè tó dáa ni, àwọn ọ̀dọ́ ló sì máa ń bi mí jù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òfin tiwa. Abala 308 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo ààrẹ, igbákejì rẹ̀, gómìnà àti igbákejì gómìnà lọ́wọ́ ìpẹ̀jọ́ nígbà tí wọ́n bá wà nípò. Kò dárúkọ aṣòfin. Ọ̀rọ̀ tí aṣòfin bá sọ nínú ilé ni òfin bò mọ́lẹ̀ fún un. Bó bá jí owó, kóòtù lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lọ́la. Ìgbìmọ̀ IPU náà kò sọ pé kí wọ́n má pe aṣòfin lẹ́jọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá ó rí lọ́yà rẹ̀, bóyá adájọ́ dá dúró, bóyá ẹ̀sùn náà ní ẹ̀rí, bóyá alájọṣe rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ìjọba tó ṣe ohun kan náà ń sùn nílé. Ẹni tó jalè gan-an kò ní rí ààbò kankan nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

Kóòtù ECOWAS tó wà ní Abuja ńkọ́?

Ìyẹn sún mọ́ wa ju Geneva lọ, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Láti 2005, ẹnikẹ́ni nínú orílẹ̀-èdè ECOWAS lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ ní tààrà láìkọ́kọ́ lọ sí gbogbo kóòtù ilẹ̀ tirẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ rántí: ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ sí i, ẹjọ́ kan náà kò sì gbọ́dọ̀ wà níwájú kóòtù àgbáyé mìíràn.

Ní Togo, ẹgbẹ́ kan ti gba ìwé ìfipòsílẹ̀ tí kò ní déètì lọ́wọ́ àwọn olùdíje rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ìbò. Nígbà tí mẹ́sàn-án nínú wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n fa ìwé náà yọ ní 2010, wọ́n sì lé wọn kúrò nílé aṣòfin. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní àwọn ò fipò sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 2011, kóòtù ECOWAS dá wọn láre pé wọn ò gbọ́ tẹnu wọn, ó sì ní kí Togo san mílíọ̀nù mẹ́ta owó CFA fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kóòtù náà kò pàṣẹ pé kí wọ́n dá wọn padà sí ìjókòó wọn. Ìdájọ́ náà dùn, ó sì korò.

Ti Khalifa Sall, olóṣèlú alátakò ní Senegal, tún wà níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí aráàlú dìbò yàn án sílé aṣòfin ní 2017. Kóòtù ECOWAS sọ ní Oṣù Kẹfà 2018 pé àwọn ọjọ́ tí wọ́n fi tì í mọ́lé lẹ́yìn tó ti di aṣòfin, kí ilé tó yọ ààbò kúrò lórí rẹ̀, kò bófin mu, ó sì ní kí ìjọba san mílíọ̀nù 35 owó CFA.

Kóòtù Nàìjíríà ò tó ni?

Kóòtù wa ti sọ ọ̀rọ̀ gidi lórí èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfin ò sí. Ilé aṣòfin Bauchi lé Rifkatu Samson Danna síta ní 2012. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní wọn ò lágbára bẹ́ẹ̀. Ilé Aṣòfin Àgbà lé Ali Ndume síta fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ ìjókòó ní 2017. Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní kò bófin mu. Wọ́n tún lé Ovie Omo-Agege ní 2018. Ìdájọ́ kan náà ló jáde. Inú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ni àwọn méjèèjì yìí wà nígbà yẹn. Ní ti Akpoti-Uduaghan, ilé ní ó rú òfin ìjókòó. Òun ní torí pé òun fẹ̀sùn ìfìtínà ìbálòpọ̀ kan olórí ilé ni, ẹ̀sùn tí olórí ilé sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Keje 2025, adájọ́ sọ pé oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Adájọ́ náà tún bu owó ìtanràn lé sẹ́nétọ̀ náà nítorí ohun tí sẹ́nétọ̀ kọ sórí Facebook. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iyàn bóyá àṣẹ ni adájọ́ pa àbí ìmọ̀ràn ló gbà wọ́n. Nígbà tó fi máa wọ ọ́fíìsì rẹ̀ padà ní Oṣù Kẹsàn-án, oṣù mẹ́fà ti pé.

Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn. Kóòtù á sọ òdodo lẹ́yìn tí ìyà ti tán. Sáà aṣòfin ò ju ọdún mẹ́rin lọ, kò sì sí ẹni tó ń dá ọjọ́ tó bá lọ padà.

Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ńkọ́?

IPU kì í gbọ́ ẹjọ́ wọn. Aṣòfin orílẹ̀-èdè nìkan ni ètò náà wà fún. Mo máa ń kẹ́dùn tí mo bá ń dáhùn èyí, nítorí ìlú yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2001, wọ́n pa Ọ̀nọ́rébù Ọdúnayọ̀ Ọlágbàjú, aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Bọ́lá Ìgè ní Ìbàdàn, ariwo ikú Ìgè sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà ládùúgbò.

Fún aṣòfin ìpínlẹ̀, ọ̀nà tó wà ni kóòtù ilẹ̀ wa, kóòtù ECOWAS, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Nàìjíríà, àti àwọn ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 fàyè gbà á pé kí ẹlòmíràn pẹjọ́ lórúkọ ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Ẹ ò ní láti lọ sí Abuja fún ìyẹn. Kóòtù gíga wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Iléṣà.

Ṣé ti àwọn obìnrin yàtọ̀?

Ó yàtọ̀, ó sì burú jù. IPU bá obìnrin aṣòfin 55 láti orílẹ̀-èdè 39 sọ̀rọ̀ ní 2016. Nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó lé ní 81 ní wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe fòòró ọkàn àwọn rí. Ohun tó lé ní 44 ní wọ́n ti halẹ̀ pé àwọn á pa wọ́n, àwọn á lù wọ́n, àwọn á fipá bá wọn lò pọ̀ tàbí àwọn á jí wọn gbé. Ìgbìmọ̀ náà ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan tó ń múra láti díje, ó sì ní òun á díje síbẹ̀.

Kí ló kan òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ wa?

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ni ín. Tulia Ackson, ọmọ Tanzania, ni wọ́n yàn ṣe ààrẹ IPU ní Oṣù Kẹwàá 2023. Ilẹ̀ Yúróòpù náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Yúróòpù pàṣẹ fún Turkey ní Oṣù Kejìlá 2020 pé kí wọ́n tú Selahattin Demirtaş sílẹ̀, olóṣèlú alátakò tí wọ́n mú ní 2016 nígbà tó jẹ́ aṣòfin. Ní 2022, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá Spain lẹ́bi pé ó gba ipò lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú Catalonia, ẹkùn kan nínú Spain, kí kóòtù tó dá wọn lẹ́bi.

Ta ló lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ IPU?

Aṣòfin náà fúnra rẹ̀, ẹbí rẹ̀, lọ́yà rẹ̀, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, tàbí àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọn kì í gba owó. Ẹ ò sì ní láti dúró dìgbà tí gbogbo kóòtù ilẹ̀ wa bá parí ẹjọ́.

Kí la máa kọ sínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo rí tó kú nínú fáìlì, púpọ̀ nínú wọn kò kú nítorí irọ́. Wọ́n kú nítorí pé ẹni tó kọ wọ́n bú ìjọba fún ojú ìwé mẹ́ta, kò sì rántí kọ ọjọ́ tí wọ́n mú èèyàn rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ aṣòfin náà, ẹkùn rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí àwọn tó mú un wọ̀, bóyá wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn, ibi tí wọ́n gbé e lọ. Bí lọ́yà bá lọ tí wọn ò jẹ́ kó wọlé, ẹ kọ ọjọ́ yẹn náà. Ẹ ya èyí tí ẹ fi ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ẹ gbọ́. Ẹ so ẹ̀dà ìwé kóòtù mọ́ ọn, ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sílé ẹlòmíràn.

Bí ẹ̀rù bá ń bà mí ńkọ́?

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àṣírí ni ìgbìmọ̀ náà ń fi ìwé yín ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n bá kéde lẹ́yìn náà ló máa ń jáde síta. Ẹ sọ fún wọn nínú ìwé náà bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ yín. Bó bá jẹ́ àtìmọ́lé láìnídìí ni, ẹ lè kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Láti 1991 ló ti wà, ó sì lè fi ìwé kánjúkánjú ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ìyá rẹ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ ọ́ ní Yorùbá, bó ṣe wà nínú wọn. Kí ẹnìkan máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bẹ́ẹ̀, láìtún un ṣe, kó kà á padà sí wọn létí, kí wọ́n tẹ̀ka sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀. Bí ìyá bá sọ pé "aago ìrun àsùbáà ni wọ́n kanlẹ̀kùn," ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá wádìí aago tí wọ́n ń ki àsùbáà lóṣù yẹn. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń ráyè jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n kì í sì í gba owó rẹ̀. Bébà nìkan ni kí ẹ mú dání wá.